Owó Ilé, Owó-orí àti Rìsíìtì Tí Kò Sí ní Amùkòkò

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oríkì, òwe àti àmì ohùn ni ẹ sábà máa ń bá pàdé níbí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọba. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026 tí òfin owó-orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn ará ilé wa kò jẹ́ ká sinmi. Amùkòkò ni púpọ̀ nínú wa ti dàgbà. Bí a bá ti délé lópin ọ̀sẹ̀, ẹnìkan á ti na fóònù sí wa: "Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì, ẹ bá wa ka ohun tí wọ́n kọ síbí. Wọ́n ní owó ilé tí mò ń san lè dín owó-orí mi kù. Ṣé òótọ́ ni?"

Òótọ́ ni. Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tí iṣẹ́ tiwa wà bẹ̀rẹ̀, ìyẹn inú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Owó-orí. Ohun tí àwọn bàbá wa rí ni wọ́n sọ lórúkọ: owó tí wọ́n ń kà lé orí. Ní ayé ìjọba òyìnbó, iye kan náà ni wọ́n sábà máa ń bù fún ọ̀pọ̀ àwọn tálákà, ìbáà jẹ́ olóko ńlá, ìbáà jẹ́ ẹni tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti ba oko rẹ̀ jẹ́. Ìbínú sí owó-orí wà nínú ohun tó fa Ogun Àdùbí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918. Òun ló mú àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ṣíwájú wọn, jáde sí ojú pópó ní 1947. Òun náà ló tún gbé àwọn àgbẹ̀ Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní 1968 sí 1969. Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò fẹ́ san ohunkóhun. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń sọ ni pé ẹni tó ń ka orí gbọ́dọ̀ wo ẹrù tó wà lórí náà kó tó dá iye lé e.

Wíwo ẹrù yẹn ni à ń pè ní àyọkúrò. Kí ìjọba tó gba tirẹ̀ nínú ohun tí o pa, ó máa kọ́kọ́ yọ díẹ̀ kúrò, kó ní, "Èyí jẹ́ ti oúnjẹ àti ilé rẹ, mi ò ní fọwọ́ kàn án." Ọ̀nà méjì sì ni wọ́n ń gbà yọ ọ́. Ọ̀nà kìíní, kí ìjọba dá iye kan kalẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láìbéèrè ohunkóhun. Ẹ jẹ́ ká pè é ní àyọkúrò gbogbogbòò. Ọ̀nà kejì, kí ìwọ fúnra rẹ to ìnáwó rẹ lẹ́sẹẹsẹ, kí o sì mú ẹ̀rí rẹ̀ wá. Ẹ jẹ́ ká pe ìyẹn ní àyọkúrò onírìsíìtì.

Àwọn ẹ̀gbọ́n àti ìbátan wa tó wà ní Houston mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, nítorí pé ní Amẹ́ríkà, ìwọ ni wàá yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Láti 1944 ni wọ́n ti ní àyọkúrò gbogbogbòò níbẹ̀. Fún owó tí ènìyàn pa ní 2025, ẹni tó dá wà lè yọ $15,750 láìfi bébà kankan hàn. Ẹni tó bá rò pé èlé owó ilé tó ń san fún báǹkì, ọrẹ àánú rẹ̀ àti owó-orí ìpínlẹ̀ rẹ̀ ju iye yẹn lọ, kó jókòó kó to tirẹ̀ jọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ iye yẹn di ìlọ́po méjì ní 2018, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò yọ ara wọn lẹ́nu mọ́. Gbogbogbòò ni wọ́n ń mú.

Ní Nàìjíríà, kò sẹ́ni tó ní ká yan. Òfin ló ń bá wa yàn, ó sì ti pààrọ̀ ọkàn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan àti lẹ́ẹ̀kejì lójú ayé wa. Ṣáájú 2011, ₦5,000 pẹ̀lú ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí o pa ni wọ́n ń yọ, wọ́n á tún fi ₦2,500 kún un lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan títí dé ọmọ mẹ́rin, àti ₦2,000 lórí ìbátan tí ò ń tọ́jú, kò gbọdọ̀ ju méjì lọ. (Ẹ wo bí òfin ṣe rò pé ìbátan méjì péré ni Yorùbá kan lè máa gbọ́ bùkátà wọn!) Nígbà tó di 2011, wọ́n pa gbogbo ìyẹn pọ̀ sí ojú kan: ₦200,000, tàbí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ, èyí tó bá pọ̀ jù, àti ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lórí rẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó ₦20,000,000 lọ́dún kò ní ìdí láti ronú lórí "èyí tó bá pọ̀ jù" yẹn. Ní Amùkòkò, ₦200,000 àti ìdá 20 ni fún gbogbo wa, kò sì sẹ́ni tó ní ká mú rìsíìtì wá kó tó tẹ̀ wá lọ́wọ́.

Òfin tuntun tí Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà 2025 ti fòpin sí ìyẹn. Ní báyìí, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí ó yẹ kí wọ́n bu owó-orí lé kò ní owó-orí rárá. Gbogbogbòò nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni onírìsíìtì dé: owó pẹ́ńṣọ̀n, owó ìlera, owó ìbánigbófò ẹ̀mí, èlé owó tí o yá kọ́ ilé tí ìwọ fúnra rẹ ń gbé, àti ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tí o san lọ́dún, tí kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ. Ti owó ilé yìí ní àdéhùn tirẹ̀: o gbọ́dọ̀ kéde iye tí o san gan-an, pẹ̀lú ohun yòówù tí àjọ owó-orí bá tún béèrè.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká sọ pé akọ̀wé kan wà ní iléeṣẹ́ kékeré kan ní Àpápá, tó ń gba ₦150,000 lóṣù, tí wọn kì í yọ owó pẹ́ńṣọ̀n rẹ̀, tó sì ń san ₦400,000 lọ́dún fún yàrá ní Amùkòkò. ₦1,800,000 ni owó ọdún rẹ̀. Lábẹ́ òfin àtijọ́, wọ́n á yọ ₦560,000, owó-orí rẹ̀ á sì jẹ́ ₦155,600. Lábẹ́ òfin tuntun, bí kò bá fi owó ilé rẹ̀ hàn, ₦150,000 ni yóò san. Bí ó bá fi hàn, wọ́n á yọ ₦80,000 sí i, owó-orí rẹ̀ á sì wálẹ̀ sí ₦138,000.

Ẹ wò ó dáadáa. ₦17,600 ni òfin tuntun dín kù fún ọkùnrin yìí lọ́dún. Nínú rẹ̀, ₦5,600 péré ni yóò bọ́ sí i lọ́wọ́ láìṣe wàhálà. ₦12,000 tó kù wà nínú bébà kan. Bébà yẹn gan-an ni kò sí ní Amùkòkò.

Ẹni tó bá ti gbé ojúlé oníyàrá méjìlá mọ bó ṣe máa ń rí. O kó owó fún bàbá onílé tàbí ajẹ́ńtì, ó kà á, ó ní "Ọlọ́run á bùkún ẹ," ó parí. Bí o bá béèrè rìsíìtì, ojú á yí padà: "Ṣé o kò fọkàn tán mi ni?" Ẹ̀rù tí kò sọ síta sì lóye. Bébà tó sọ pé ìwọ san ₦400,000 ni bébà tó sọ pé òun gba ₦400,000. Yàrá méjìlá, bébà méjìlá. Àyọkúrò rẹ ni ẹ̀rí owó tó wọlé fún un.

Bẹ́ẹ̀ òfin wà lẹ́yìn ayálégbé. Òfin Ilé Yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 ní dandan ni kí onílé fúnni ní rìsíìtì bí a bá ti sanwó. Onílé tó bá kọ̀ lè san ₦100,000 ìtanràn. Òfin kan náà yọ Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Ajérómi-Ìfẹ́lódùn ni Amùkòkò wà, kì í ṣe Àpápá, nítorí náà ó kàn wá. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé kò sí ayálégbé tó máa gbé bàbá onílé lọ sí kóòtù lórí rìsíìtì, kó sì tún padà wá pọn omi nínú àgbàlá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Lórí èyí ni àwa náà ti pín sí méjì. Àwọn kan nínú wa ní ₦12,000 kò tó nǹkan tí a fi ń dá ìjà sílẹ̀, pé àfikún owó ilé kan ṣoṣo á gbé e mì. Àwọn yòókù ní bí a bá ń fi sílẹ̀ lọ́dọọdún, àwọn tó ní agbẹjọ́rò àti ìwé àdéhùn ní Lẹ́kkí nìkan ni àǹfààní yẹn máa wà fún, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó ń gbé yàrá kan ló nílò rẹ̀ jù. Ìhà kejì yìí ni púpọ̀ nínú wa padà fara mọ́, àmọ́ a kò lè purọ́ pé ewu tí ìhà kìíní rí kò sí.

Ọ̀rọ̀ àwọn oníṣòwò tún yàtọ̀. Aránṣọ tó ní ṣọ́ọ̀bù lè yọ gbogbo owó ṣọ́ọ̀bù náà gẹ́gẹ́ bí ìnáwó iṣẹ́, pẹ̀lú òwú àti epo jẹnẹrétọ̀. Yàrá tó ń sùn nìkan ni wọ́n ka ìdá 20 fún. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kó kó owó méjèèjì pọ̀ sórí ìlà kan. Kó ra ìwé ogójì-ojú-ewé, kó máa kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde, ní Yorùbá bó bá wù ú. Bí kò bá ní àkọsílẹ̀ kankan, àjọ owó-orí lágbára láti fojú díwọ̀n ohun tó rò pé ó pa, iye yẹn sì ni yóò wà nínú ìwé tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí i.

Ohun tí ọwọ́ wa tó ni a ṣe. A kíyè sí i pé àwọn bàbá onílé kan ń ka Bíbélì tàbí ìwé àdúrà Yorùbá láìsí ìṣòro, ṣùgbọ́n ìwé Gẹ̀ẹ́sì a máa dà bí ìwé ìpẹ̀jọ́ lójú wọn. A bá kọ rìsíìtì kan ní Yorùbá pẹ̀lú ohun tí òfin 2011 béèrè: ọjọ́, orúkọ onílé, orúkọ ayálégbé, ibi tí ilé wà, iye owó, àti àkókò tí owó náà wà fún. Ìlà mẹ́fà péré. A tẹ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sísàlẹ̀ fún àwọn tí wọ́n máa gbà á ní ọ́fíìsì. Bàbá kan kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì, ó ní "Ohun tí mo gbà náà lẹ kọ," ó sì fọwọ́ sí i. Òmíràn dá a padà láìsọ̀rọ̀. Fún ẹni tí wọ́n bá dá tirẹ̀ padà, a ní kó máa fi báǹkì san owó náà, kó kọ ohun tó wà fún sí i. Kò rọ́pò rìsíìtì, àmọ́ ó sàn ju ọwọ́ òfo lọ.

Ẹ fi ọjọ́ méjì sọ́kàn. Fọ́ọ̀mù tí ó yẹ kí ẹ fi sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 2026 jẹ́ ti owó 2025. Òfin àtijọ́ ló ń tọ́ ọ, kò nílò rìsíìtì ilé. Ti owó 2026 ni ó yẹ kí ẹ fi sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 2027. Owó ilé tí ẹ bá san ní 2026 ni ó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ìwé onílà mẹ́fà náà, ẹ kàn sí wa, ọ̀fẹ́ ni.