Ìgbà Wo Ló Yẹ Ká Lọ sí Kàlàbá?

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, bí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ṣe ń múra àtilọ wo etí odò Kàlàbá, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìparí oṣù kọkànlá. Mo fi ọdún mẹ́fà tajà níbẹ̀, mo mọ ojú ọjọ́ wọn.

Òjò Kàlàbá kì í ṣe òjò Ìbàdàn o! Ó tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, ó lè rọ̀ láàárọ̀, kó tún rọ̀ lálẹ́. Tó bá di oṣù kejìlá, èrò Kánífà ti kún ìlú, ilé ìtura ti gbówó lórí. Nínú oṣù kìíní ńkọ́? Ọyẹ́ lè bo ojú odò bí èéfín. Ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù kọkànlá, òjò ti ń dáwọ́ dúró, ilẹ̀ ti ń gbẹ, ẹ ó sì rí odò dáadáa.

Lóòótọ́, inú òjò oṣù kẹsàn-án, 1876, ni Mary Slessor dé síbẹ̀, ẹni tó gba ọ̀pọ̀ ìbejì lọ́wọ́ ikú. Iṣẹ́ ló bá dé, kò lè máa ṣa ìgbà. Àwa ń lọ kí sàréè rẹ̀ lórí òkè ni, pẹ̀lú àwọn ìyá ìbejì tiwa tí orúnkún ń dùn. Ilẹ̀ yíyọ̀ kò yẹ wọ́n.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń sọ pé "ó di ọdún tó ń bọ̀," ẹ má sún un síwájú mọ́. Ẹ forúkọ sílẹ̀. Olúwa á mú wa lọ, á mú wa bọ̀.