Òkété Àwọn Ará Pennsylvania

Bí àwọn ọmọ ọmọ mi bá bi mí pé ọdún wo ni mo gbádùn jù nínú gbogbo ọdún tí òyìnbó ń ṣe ní Amẹ́ríkà, Kérésìmesì ni wọ́n máa ń retí kí n dárúkọ. Èmi a dá wọn lóhùn pé ọjọ́ kejì oṣù Èrèlé ni, ọjọ́ tí àwọn àgbààgbà onífìlà gogoro ń bi ẹranko inú ihò léèrè bóyá òtútù ti fẹ́ tán. Wọ́n a bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé bàbá àgbà ti ń ṣàrán.

Pittsburgh ni mo ń gbé ní àwọn ọdún 1970. Mò ń ṣiṣẹ́ òru, mo sì ń lọ sí yunifásítì lọ́sàn-án. Ọyẹ́ tiwa a máa la ètè, a máa la gìgísẹ̀, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti yọ, ó parí. Òtútù tọ̀hún kì í gbọ́ ti oòrùn. Èèyàn á fọwọ́ kan etí ara rẹ̀, kò ní mọ̀ pé etí ni. Bó bá fi máa di oṣù Èrèlé, ayé ti sú gbogbo èèyàn, àfi àárọ̀ ọjọ́ kejì yẹn. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí kì í jẹ́ kíkí á bi mí pé, "Ṣé ó rí i?" Ẹni tó ń gbálẹ̀ náà á béèrè. Òjìji ni wọ́n ń wí.

Punxsutawney ni wọ́n ti ń ṣe é, ìlú kékeré kan tó jìn sí Pittsburgh tó nǹkan bí 80 máìlì. Ọdún 1887 ni wọ́n kọ́kọ́ gun òkè Gobbler's Knob lọ bá ẹranko náà. Groundhog ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, Phil sì ni orúkọ tirẹ̀. Ó sanra, ìrù rẹ̀ kúrú, inú ihò ló ń sun gbogbo ìgbà òtútù mọ́. Bó bá rí òjìji ara rẹ̀, òtútù ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí kò bá rí i, ìgbà ìrúwé ti dé tán. Olórí ẹgbẹ́ wọn á mú ọ̀pá lọ́wọ́, á ní òun gbọ́ èdè ẹranko náà. Wọ́n tún ní Phil kan náà ló wà níbẹ̀ láti 1887, pé àgbo kan ni wọ́n ń fún un mu tó ń fi ọdún méje kún ẹ̀mí rẹ̀. Àwọn kan náà ló ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé a ń dífá!

Bàbá arúgbó kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló là mí lóye. Ìran àwọn àgbẹ̀ tó ti Jámánì wá ni. Ó ní àwọn baba ńlá òun ló gbé àṣà náà wá, lórí ọdún tí ìjọ ń bù kún àbẹ́là ní ogójì ọjọ́ lẹ́yìn ìbí Jésù. Àgbẹ̀ á wọ inú abà lọ́jọ́ náà, á wo koríko tó kó pamọ́ fún màlúù. Ìdajì gbọ́dọ̀ ṣì kù níbẹ̀. Bí kò bá tó ìdajì, ẹran á kú kí koríko tuntun tó hù. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Bàbá mi náà a máa wọ abà iṣu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a fi ọwọ́ kan èbù lọ́kọ̀ọ̀kan, a ya èyí tó rà sọ́tọ̀, kò sì ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí yóò fi jáde. Àwa ọmọ á ti mọ̀ láti ojú rẹ̀ bóyá a ó jẹ iyán lálẹ́.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn gan-an la máa ń dọdẹ òkété, ẹranko inú ihò tiwa. Ìdí ọ̀pẹ ni à ń wá ihò rẹ̀ sí. Bó bá ti fi ewé dí ẹnu rẹ̀ láti inú, ó wà nílé nìyẹn. A ó dí àwọn ẹnu ihò yòókù, a ó fẹ́ èéfín sí i, ẹ̀gbọ́n mi á sì dúró pẹ̀lú kùmọ̀. Bí a bá la ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkété náà, ẹyìn á máa já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tútù yọ̀yọ̀, eyín kò kàn án.

Lọ́dún tí ìyàwó mi dé bá mi, ó rí Phil lórí tẹlifíṣọ̀n, tí ọkùnrin alágbàdá òyìnbó kan gbé e sókè. Ó wò ó títí. Ó ní, "Bàbá Ayọ̀, ṣé ẹran yìí kò ṣe é jẹ ni?" Ìbéèrè rẹ̀ bọ́ sí i, nítorí àwọn ọdẹ tó dá ayẹyẹ yẹn sílẹ̀ ní Punxsutawney ń jẹ ẹ́ dáadáa láyé ọjọ́un.

Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ti ṣírò rẹ̀: bóyá ni Phil fi ń gbà á tó ìgbà mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Kò sí ẹni tíyẹn dí lọ́wọ́. Ó ṣáà mú èèyàn rẹ́rìn-ín nígbà tí kò sí ohun mìíràn tó ń pani lẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń gbé lápá ibẹ̀, ẹ ní kí wọ́n mú yín lọ. Òru ni kí ẹ gbéra, torí èrò ti máa ń kún kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má sì béèrè bí ẹran náà ṣe ń dùn tó.