Ẹni Tó Ń Yẹ Ẹ̀sùn Firefox Wò

“Ojú ìwé ń funfun báláú. Ẹ tún un ṣe!” Irú ẹ̀sùn báyìí kì í wọ́n ní Bugzilla, ibi tí Mozilla, àjọ tó ń ṣe bùráúsà Firefox, ti ń gba ẹ̀sùn láti ọdún 1998, kí Firefox fúnra rẹ̀ tó dé rárá. Olùfisùn kò sọ irú kọ̀ǹpútà tó ń lò, kò sọ ohun tó tẹ̀ kí ojú ìwé tó funfun. Ṣùgbọ́n kóòdù Firefox wà ní gbangba: ẹnikẹ́ni ló lè fẹjọ́ sùn, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní sùúrù lè bá wọn yẹ ẹ̀sùn wò. Àwọn kan ń gbowó oṣù nídìí ẹ̀, àwọn mìíràn ń fi ìfẹ́ ṣe é ni.

Ẹ wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn: ṣé ẹnì kan ti mú irú ẹ̀sùn yìí wá rí? Bó bá rí i, ó so ó mọ́ ti ìṣáájú, ó kọ DUPLICATE sí i, ó di òmíràn. Bí kò bá rí i, ó ṣí Firefox tuntun tí kò ní àfikún kankan lórí, ó lọ síbi tí olùfisùn lọ. Ojú ìwé yọ kedere. Ó rọrùn láti sọ pé kò sóhun tó ṣe é, kí ẹjọ́ parí síbẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni náà, ó bi í bóyá ojú ìwé ṣì ń funfun bó bá pa àwọn àfikún tirẹ̀. Lójú tèmi, ìdúpẹ́ yẹn wà lára iṣẹ́ gan-an, torí ẹni tí wọ́n bá jágbe mọ́ kò ní padà wá dáhùn.

Èsì dé: kì í ṣe àfikún, nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀, àdírẹ́sì ojú ìwé náà gan-an nìyí. Ó gbìyànjú ẹ̀ níbẹ̀, ojú ìwé funfun lóòótọ́. Mẹ́káníìkì gidi kì í kọ́kọ́ tú ẹ́ńjìnnì. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún ló máa ń béèrè. Òun náà ń wá ọjọ́ yẹn: ẹ̀dà ìdánwò Firefox tí wọ́n ń pè ní Nightly ń jáde lójoojúmọ́, ti àtijọ́ sì wà ní ìpamọ́. Irinṣẹ́ mozregression gbé ẹ̀dà ọjọ́ tó wà láàárín wá fún un. Ó wò ó, ó dáa. Ìdajì àwọn ọjọ́ náà bọ́ lọ́wọ́ ìfura. Ọjọ́ 64 di 32, 32 di 16. Ìdánwò mẹ́fà péré, ó ti ku ọjọ́ kan.

Ó wá ku kó pín in sí ẹ̀ka àti ìpele. Láti ọdún 2019 ni ẹ̀rọ kan, bugbug, ti ń bá wọn méfò ẹ̀ka. Bó bá jẹ́ ihò tí olè lè gbà wọlé, wọ́n á kọ́kọ́ fi í pamọ́ fáráyé. Ìpele bẹ̀rẹ̀ láti S1, ti àjálù, dé S4, ti nǹkan kékeré. Ibí yìí ni iye èèyàn tí ìṣòro kàn ti máa ń tan ni jẹ. Bọ́tìnì tí kò ní orúkọ nínú kóòdù kò dí aríran lọ́wọ́ rárá, àmọ́ afọ́jú tí ẹ̀rọ ń ka ojú ìwé sétí fún kò ní mọ ohun tí bọ́tìnì náà wà fún. Wọn ì báà máà pọ̀, mi ò ní fún irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ní S4 láéláé.