Owó Pákó Kì í Ṣe Owó Ọbẹ̀

Àwọn àgbà ní iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́, òótọ́ pọ́ńbélé sì ni; ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ káfíńtà bá gba fúrídọ́ọ̀mù tán, tí ọ̀gá rẹ̀ ti gbé e lé Ògún Alákáayé lọ́wọ́, tí ẹbí sì ti bá a yọ̀, bí a ti ń ṣọ́ owó oníbàárà ni ẹ̀kọ́ tí ó ṣẹ́ kù.

Kí owó náà má bàa ṣòfò, ẹ kọ́kọ́ wo pákó tí a rà ní ibi ìlagi tí gẹdú ti ń léfòó gba orí ọ̀sà wá: omi ṣì kún inú rẹ̀, bí a bá sì fi ìkánjú kàn án mọ́ ilẹ̀kùn, nígbà tí ọyẹ́ bá dé, yóò gbẹ, yóò súnkì, yóò lọ́, ilẹ̀kùn náà kò sì ní padé mọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ gbòòrò yóò ti to pákó jọ tipẹ́ kí oníbàárà tó dé, yóò fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ há àárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè ráyè kọjá. Àjọ ni kí ó dá láti fi ra pákó náà, kí ó má bàa fi owó oúnjẹ rẹ̀ rà á kí ebi sì jẹ ẹ́.

Bákan náà, àsansílẹ̀ tí oníbàárà kan, Àlàbá, san kò gbọdọ̀ di owó tí a fi parí àga oníbàárà mìíràn, Àdùkẹ́. Ó ń dùn mí wọra láti rí ọ̀dọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ dá múṣémúṣé, tí àsansílẹ̀ tí ó ti ná sì lé kúrò ní àdúgbò.