Bí Ìránṣẹ́ Bá Tún Rán Ìránṣẹ́

Àwọn àgbà a máa sọ pé, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ náà kọ́ wa pé ẹni tí a rán níṣẹ́ ní láti lo làákàyè. Ṣùgbọ́n báwo ni ọ̀ràn yóò ti rí nígbà tí ẹni tí a rán bá tún rán ẹlòmíràn? Èyí ni a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa bá wa gbé yẹ̀ wò.

Nínú ọdún 2025 ni ilé iṣẹ́ Anthropic gbé Claude Code jáde, tí OpenAI gbé Codex CLI jáde, tí Google sì gbé Gemini CLI jáde. Ìránṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n: a ó sọ ohun tí a ń fẹ́, wọn yóò sì kọ ètò kọ̀ǹpútà náà, wọn yóò dán an wò. Lẹ́yìn náà ni àwọn ènìyàn ṣe àfikún tí ó so wọ́n pọ̀, tí a fi lè yí láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan sí èkejì, tàbí kí a pàṣẹ fún ọ̀kan kí ó fi apá kan iṣẹ́ rán èkejì. Àǹfààní rẹ̀ kò kéré, nítorí ẹni tí ó kọ ìwé kì í tètè rí àléébù ohun tí ó kọ.

Àwa tí a ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Òṣogbo ti lò ó fún ìyá aláṣọ kan ní Iléṣà. Ẹ kò ṣàì mọ̀ pé àwọn Ìjẹ̀ṣà ni a ń pè ní òṣómàáló, nítorí pé wọn a máa ta aṣọ láwìn káàkiri, wọn a sì lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí wọn yóò fi gba owó wọn. Ìyá yìí náà ń tà láwìn. Ó kìlọ̀ fún wa pé onígbèsè kan kò gbọdọ̀ rí orúkọ èkejì. A sọ ọ́ fún ìránṣẹ́ kìíní, ó sì pa á mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi ojú ìwé ìsanwó rán èkejì, iṣẹ́ nìkan ni ó rán, kò fi ìkìlọ̀ náà kún un. Nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò, orúkọ gbogbo onígbèsè ni ó wà níbẹ̀ gbangba.

Èkejì kò ya òmùgọ̀. Kò gbọ́ ohun tí a bá èkíní sọ. Èyí tí a gbé lé e lọ́wọ́ nìkan ni ó mọ̀. Ọ̀gá tí ó bá rán ọmọṣẹ́ lọ gba owó yóò sọ iye owó fún un, yóò sì sọ irú ẹni tí onígbèsè jẹ́ pẹ̀lú. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń kọ òfin iṣẹ́ sínú ìwé kan tí àwọn ìránṣẹ́ yóò kọ́kọ́ kà, tí wọn ń pè ní AGENTS.md. A kọ ìkìlọ̀ ìyá náà síbẹ̀.

Síbẹ̀, a kò fi ìwé náà rọ́pò ojú wa. Bí àṣírí onígbèsè bá tú ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà, kò sí ẹni tí yóò bi kọ̀ǹpútà léèrè. Àwa ni ìyá náà rán níṣẹ́. Nítorí náà, ojú ìwé kan kì í lọ sí Iléṣà láìjẹ́ pé a fi ojú ara wa kà á tán.