Mọ́tò tòkunbọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìwé kékeré kan ní Madina

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí sùúrù ọmọ Yorùbá ṣe pọ̀ tó nílẹ̀ àjèjì, kó wá a lọ sí ọgbà àwọn tó ń ta mọ́tò. Ibẹ̀ ni àgbà ọkùnrin tí kì í gba ìgbàkugbà lọ́jà tirẹ̀ ti ń fọwọ́ lẹ́rán, tí ọmọ tí kò ju àbígbẹ̀yìn rẹ̀ lọ á máa sọ fún un pé, "Bàbá, ẹ padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè." Owó ti kúrò lápò, mọ́tò kò ṣiṣẹ́, Mọ́ńdè kò sì tán nínú oṣù.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí fún oníṣòwò kan ní Madina, ìlú tí Alhaji Seidu Kardo tẹ̀ dó lẹ́bàá Accra ní 1959. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, Gánà ni wọ́n bí òun sí, àwo àti ìkòkò ló sì ń tà. Ọdún méjì ló fi dá àjọ. Ó kó o kún ìpamọ́ rẹ̀, ó ra mọ́tò tòkunbọ̀ kan lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń ta ọkọ̀. Èrò rẹ̀ ni pé kó máa kó ọjà láàárọ̀, kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì máa fi gbé èrò lọ́sàn-án. Mọ́tò náà ń dán gbinrin. Òǹtajà ní kò ní wàhálà kankan, pé bí ohunkóhun bá tilẹ̀ ṣe é, àwọn fúnra wọn ni yóò tún un ṣe. Baálé ilé yí ọkọ̀ po lẹ́ẹ̀mejì, ó sanwó, ó gba rìsíìtì tó kéré bí ìwé tíkẹ́ẹ̀tì, iye owó nìkan ló wà níbẹ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí jíà fi bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Lọ́jọ́ kan, lórí òkè Aburi, mọ́tò dúró pẹ̀lú ẹrù, kò lọ, kò bọ̀. Wọ́n wọ́ ọ padà sọ́dọ̀ òǹtajà. Àwọn yẹn pa ọ́ìlì rẹ̀ dà, wọ́n ní ó ti dáa. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló fi rìn. Nígbà kejì, wọ́n ní kọ̀ǹpútà kò rí àléébù kankan. Nígbà kẹta, mọ́tò sùn sọ́dọ̀ wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì padà délé pẹ̀lú ariwo tó bá lọ. Nígbà kẹrin, ọ̀rọ̀ yí padà: wọ́n ní ọmọ rẹ̀ ni kò mọ mọ́tò wà. Ní gbogbo àsìkò yìí, ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ló ń fowó gbà láti kó ọjà, owó àjọ tuntun sì ń dúró dè é ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀.

Kí ló dé tí kò fi pariwo? Ẹni tó bá mọ ìtàn Yorùbá ní Gánà kò ní béèrè jìnnà. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, 1969, ìjọba Kofi Abrefa Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kó kúrò nílùú. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ti ń ṣòwò níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ta ọjà lọ́pọ̀, wọ́n sì di ẹrù lé orí. Bàbá ọkùnrin yìí wà lára wọn. Nígbà tí ọmọ padà wá lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ẹ̀kọ́ tó mú wá ni pé àlejò kì í gbóhùn sókè. Ìdí nìyí tó fi bẹ àwọn àgbà kí wọ́n bá òun bẹ òǹtajà. Wọ́n lọ, wọ́n fún wọn ní àga àti ohun mímu tútù, wọ́n sì tún dá Mọ́ńdè mìíràn fún wọn. Àwọn àgbà ló kúkú sọ ọ́: àlejò lójú, kò fi ríran.

Ẹni tó la ojú rẹ̀ kì í ṣe Yorùbá rárá. Ọmọ Gánà ni, aládùúgbò rẹ̀, akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì. Ìbéèrè kan ló bi í: "Kí lẹ ní lákọsílẹ̀?" Ó wá ṣàlàyé pé òfin wà lórí ọ̀rọ̀ náà, Òfin 137 ti ọdún 1962 lórí títà ọjà. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1893, tí ọ̀pọ̀ ìlú tí Gẹ̀ẹ́sì jọba lé lórí gbára lé, gbé púpọ̀ nínú ẹrù lé olùrà lórí pé kó la ojú rẹ̀. Ti Gánà gbé èyí tó pọ̀ lé òǹtajà: ọjà gbọ́dọ̀ bọ́ lọ́wọ́ àléébù tí a kò sọ fún olùrà, tí òun náà kò sì mọ̀ kó tó rà á. Bí olùrà bá ti yẹ ọjà wò, kò lè rojọ́ lórí àléébù tó yẹ kí àyẹ̀wò náà fi hàn án. Ṣùgbọ́n yíyí mọ́tò po kò lè fi inú jíà han ẹnikẹ́ni. Òfin náà sì fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ kọ ọjà sọ ọ́ láìpẹ́. Ẹni tó bá ń lo Mọ́ńdè kan mọ́ òmíràn ń fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣòfò.

Àkọsílẹ̀ wà, láìjẹ́ pé ó mọ̀. Nínú ìwé kékeré tó fi ń ṣírò owó ọjà, gbogbo ọjọ́ tó háyà ọkọ̀ wà níbẹ̀, àwọn yẹn náà sì ni ọjọ́ tí mọ́tò wà lọ́dọ̀ òǹtajà. Wọ́n tún mú àmì 17, nọ́ńbà àti lẹ́tà, tó wà lẹ́yìn gíláàsì iwájú, wọ́n fi wá ìtàn mọ́tò náà. Ó hàn pé jàǹbá ti bà á jẹ́ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ta á ní gbàǹjo kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ní 2020, ilé aṣòfin Gánà ṣe òfin láti dá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró ní ẹnubodè, àmọ́ ìjọba dá ìmúṣẹ rẹ̀ dúró lọ́dún náà.

A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà. Òǹtajà náà ní tirẹ̀: ó ní bí òun ṣe rà á ní èbúté Tema nìyẹn, òun kò mọ ohun tó ṣe é ní òkè òkun. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí títà mọ́tò kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni òfin yẹn ń gba àwíjàre "n kò mọ̀" lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó fi ń jẹun gbọ́dọ̀ dáhùn.

Lẹ́tà ojú ewé kan ni wọ́n kọ, kò sí èébú nínú rẹ̀: ọjọ́ tí a rà á, ọjọ́ mẹ́rin tí a gbé e padà, àmì 17, òfin 1962, àti ọjọ́ tí wọn yóò pàdé ní kóòtù bí kò bá sí èsì. Ẹni tó gbà á fọwọ́ sí ẹ̀dà rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí òǹtajà fi pè é. Wọ́n ra jíà mìíràn ní Abossey Okai lówó ara wọn, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ó bá bàjẹ́ láàárín oṣù mẹ́fà, àwọn ni yóò san án. Owó tó fi háyà ọkọ̀ kò padà wá. Ó gbà bẹ́ẹ̀, torí ọjà kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Ohun tó lé àwọn bàbá kúrò ní 1969 náà ni àìníwèé. Ìwà rere wọn kò dín, ọ̀rẹ́ wọn láàárín onílé kò kéré, àmọ́ ìwé ni ìjọba béèrè. Kí ẹni tó bá fẹ́ ra mọ́tò, ní Accra tàbí ní Ìbàdàn, mú mẹkáníìkì tirẹ̀ dání, kó kọ àmì 17 náà sílẹ̀ kó tó sanwó, kí ó sì ní kí òǹtajà fọwọ́ sí i pé mọ́tò kò ní àléébù tí òun fi pamọ́. Èyí tó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i ti dáhùn nìyẹn. Ní Nàìjíríà, òfin 2018 ti dá àjọ FCCPC sílẹ̀ láti gbọ́ ẹ̀sùn olùrà, ìwé náà ni àwọn yóò sì kọ́kọ́ béèrè.