Ìró Tó Ń Dún Nínú Etí Mi

Ọdún kẹta rèé tí etí òsì mi ti ń hó. Ìró náà tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbà tí ìrẹ̀ ń ké lẹ́yìnkùlé, kì í sì í sinmi. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní kò sí àrùn níbẹ̀, pé kí n kọ́ bí mo ṣe máa bá a gbé. Ìyá mi ní tirẹ̀ ní ẹnì kan ló ń pè mí, kí n má dáhùn.

Àwọn kan wà ní Íńdíà tó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ń wá irú ìró yìí. Nāda ni wọ́n ń pè é. Nínú apá kẹrin Haṭha Yoga Pradīpikā, ìwé tí Svātmārāma kọ ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹni tó ń ṣe àṣàrò yóò fi ìka dí etí, yóò sì máa gbọ́ ohun tó ń dún nínú lọ́hùn-ún. Ìró òkun, àrá àti ìlù ló ń ṣáájú. Agogo àti ìkarahun òkun tí wọ́n ń fọn tẹ̀ lé e. Fèrè àti oyin ló gbẹ̀yìn. (Ọmọ onílùú ni wá, ìlù yẹn ló kọ́kọ́ fà mí mọ́ra.) Iṣẹ́ olùgbọ́ ni kó máa fi ìró tó nípọn sílẹ̀, kó tẹ̀ lé èyí tó fẹ́lẹ́ jù.

Nígbà tí àwọn aládùúgbò bá ti pa jẹnẹrétọ̀ ni mo máa ń jókòó. N kì í dí etí, ìró tèmi kò nílò ìrànlọ́wọ́. Mo bá ohùn mìíràn tó ga díẹ̀ lábẹ́ ìrẹ̀ yẹn, òun ni mò ń tẹ̀ lé. Bí ọ̀rọ̀ owó ilé bá gbé ọkàn mi lọ, n kò ní gbọ́ ọ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń mọ̀ pé mo ti rìn jìnnà, màá sì padà. Híhó náà kò dín kù o. Ìbẹ̀rù tó ń gba oorun lójú mi ló lọ.

Àwọn tó ń pè é ní ohùn Ọlọ́run kò rí mi mú. Lọ́dún 1953, Heller àti Bergman ní Amẹ́ríkà fi 80 èèyàn tí etí wọn dá ṣáká sínú yàrá tí ariwo kò lè wọ̀. Ìdá 94 nínú 100 wọn ló gbọ́ ìró kan. Ara ló ń dún. Ṣùgbọ́n èémí náà, ara ni, a sì ń fi í ṣe àṣàrò. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní yóga ń ṣí ilẹ̀kùn fún ẹ̀mí àìmọ́. Mo ní kó fi ọwọ́ dí etí rẹ̀ wò. Kò tíì fún mi lésì.

Ẹni tí tirẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ lójijì, tàbí tí kò gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́, kó lọ rí dókítà ná. Lálẹ́ ọjọ́ tó bá sì rẹ̀ mí jù, n kì í jókòó rárá, màá tan rédíò.